Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ti ṣú: báwo ni mo ṣe lè fọ̀ ọ́ láìbó ara rẹ̀?

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ fún mi, Raleigh tí wọ́n máa ń gùn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni kí wọ́n tó ra ọ̀kadà. Ó pẹ́ tó ti fara ti ògiri lẹ́yìn àgbá omi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé e jáde. Férémù rẹ̀ ṣì le dáadáa. Lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, wọ́n tẹ Sturmey-Archer AW, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti irú họ́ọ̀bù náà, sí i, wọ́n wá tẹ 60 mọ́ ọn. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe họ́ọ̀bù yẹn nìyẹn, 1960.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn páàtì álọ́ì, ìyẹn alumíníọ̀mù tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn: hándù, ọrùn hándù tó dì í mú, ọwọ́ bíréèkì, àti ríìmù méjèèjì. Gbogbo wọn ti ṣú, wọ́n dà bí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. Láwọn ibì kan, ìyẹ̀fun funfun ń jábọ́ tí mo bá fi èékánná họ ọ́. Àmì "GB" kan wà lára ọrùn hándù tí wọ́n fín sí i, kò jinlẹ̀ rárá, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Ọ̀gá kan ní kí n mú un wá, òun á fi máṣíìnì lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán bíi dígí, náírà 4,000. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀. Bàbá mi ò gun kẹ̀kẹ́ tó ń dán bíi dígí rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 8:05 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Má tíì ra nǹkankan. Wá òòfà, kódà kó jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Fi kan gbogbo páàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbá òòfà mú, irin ni lábẹ́ kúróòmù, awọ dídán tí wọ́n fi bò ó. Èyí tí kò bá gbá a mú, álọ́ì ni. Oògùn àwọn méjèèjì ò papọ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé álọ́ì ni, kúróòmù ni.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 8:31 àárọ̀

Ẹ ṣé, sà. Mo ti fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò. Òtítọ́ ni. Apá pẹ́dàlì àti họ́ọ̀bù ẹ̀yìn gbá a mú pinpin, èmi sì ti kà wọ́n mọ́ álọ́ì. Hándù, ọrùn rẹ̀, ọwọ́ bíréèkì àti ríìmù ò gbá a mú.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 8:40 àárọ̀

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti kúróòmù, torí òun ló rọrùn. Mú fóìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé mọ́ínmọ́ín, rún un bíi bọ́ọ̀lù, tì í bọ omi, kí o máa fi nù ún. Fóìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò lè họ ọ́, ṣùgbọ́n ìdógùn-ún tó wà lórí rẹ̀ á ká. Omi dúdú bíi tádàwá á jáde. Fi àkísà gbá a kúrò. Ibi tí kúróòmù ti bó, kò sí ohun tó lè dá a padà, fi òróró díẹ̀ pa á lára kí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti álọ́ì ni iṣẹ́ gan-an. Mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, n óò padà wá.

Ọmọ Ìjàyè · 9:12 àárọ̀

Kí Bàbá tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe irú ẹ̀. Mo ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkúnbọ̀ kan, apá pẹ́dàlì rẹ̀ jẹ́ Campagnolo, ti àwọn ará Ítálì. Ó ti ṣú díẹ̀, kò tiẹ̀ burú. Ẹnìkan ní kí n wá kọ́stíìkì sódà ní Ìtòkú lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ, pé ó ń fọ ohun gbogbo. Mo pò ó sínú omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ju apá pẹ́dàlì méjèèjì sí i, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, omi náà ń hó kùtùkùtù bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná, ara bọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná. Mo yọ páàtì jáde: ó dúdú bí èédú! Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i ti ṣá, ara rẹ̀ rí yálayàla bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́. Owó oṣù kan ni mo fi rà á.

Aládìrẹ Ìtòkú · 9:30 àárọ̀

Yéè! Ta ló rán ọ ní irú iṣẹ́ yẹn? Kọ́stíìkì wà fún aró, kì í ṣe fún kẹ̀kẹ́. Àwa tí a ń lò ó lójoojúmọ́ gan-an, a kì í gbé e sínú abọ́ alumíníọ̀mù. Ike la fi ń pò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò amọ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń rẹ aró láyé ọjọ́un. Ìyàwó tuntun kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó bu omi aró sínú abọ́ ìfọwọ́ ilé ọkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, abọ́ ti lu. Ẹ má fi iṣẹ́ wa ṣeré o.

Ọmọ Ìjàyè · 9:33 àárọ̀

Ẹ máa bínú, Ìyá. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ìyá Láàbù · 10:02 àárọ̀

Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé, mi ò ní pẹ́.

Alumíníọ̀mù kì í wà ní ìhòòhò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí ló ti fi awọ fẹ́lẹ́ kan bo ara rẹ̀, awọ náà ló sì ń dáàbò bò ó. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n lè fi iná mànàmáná mú kí awọ yẹn nípọn sí i. Anodize ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ìnípọn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 5 sí ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Irun orí wa nípọn jù ú lọ. Ó le gan-an o, ṣùgbọ́n tí o bá ti lọ̀ ọ́ kọjá, kò ní hù padà bí èékánná.

Kọ́stíìkì ń jẹ awọ yẹn, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Híhó tí ẹ̀gbọ́n Ìjàyè rí yẹn, gáàsì háídrójìn ni, ó sì máa ń gbaná. Ẹ dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó ń mu sìgá nítòsí. Dúdú tó kù lára rẹ̀ ni àwọn irin mìíràn tí wọ́n lú mọ́ alumíníọ̀mù, bíi kọ́pà, tí kọ́stíìkì ò lè jẹ. Omi eérú náà, ìbátan kọ́stíìkì ni. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń fi eérú fọ̀, irin dúdú ló pọ̀ nínú wọn nígbà náà. Ẹ má fi í kan álọ́ì.

Rẹwáyà Àdátán · 10:20 àárọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá páàtì ní awọ ilé-iṣẹ́ yẹn lára tàbí kò ní, mítà tí a fi ń yẹ iná wò á sọ fún yín. Ẹ gbé e sí ohm. Ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara páàtì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, kó má baà lu awọ náà já. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lásán, mítà á lọ sí òdo, tàbí kó máa ké. Tí awọ anodize bá wà níbẹ̀, kò ní sọ nǹkankan, torí pé iná kì í gba awọ yẹn kọjá. Abẹ́ tàbí ẹ̀yìn páàtì ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí ojú ò ní rí.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 11:15 àárọ̀

Mo yá mítà lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ọwọ́ bíréèkì: mítà dákẹ́. Ríìmù: ó ń ké. Ọrùn hándù: ó ń ké. Hándù: ó ń ké láàárín, ó dákẹ́ lápá kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Mi ò mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Rẹwáyà Àdátán · 11:18 àárọ̀

Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí ẹnu wáyà lápá ọ̀tún yẹn. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná, kí o tún un yẹ̀ wò.

Dígí-dígí · 11:47 àárọ̀

Gbogbo wàhálà yìí nítorí kẹ̀kẹ́? Èmi ni mo ń fi máṣíìnì lọ ríìmù mọ́tò ní Pánṣẹ́kẹ́. Wákàtí kan péré, ẹ ó máa rí ojú yín nínú ẹ̀. Oníbàárà ò bèèrè awọ fẹ́lẹ́, dídán ló ń bèèrè.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 12:30 ọ̀sán

Mo ti dé. Dígí-dígí, mi ò ní bú iṣẹ́ rẹ. Ríìmù mọ́tò tí ọ̀fìn ti họ, tí kò ní àmì kankan lára, kò sí ohun tó dà bíi máṣíìnì. Ṣùgbọ́n wo ohun tí máṣíìnì ń ṣe sí páàtì kéékèèké. Gbogbo igun tó mú ló ń sọ di roboto. Ẹnu ihò bóòtù á fẹ̀, á sì tẹ̀ wọnú bí ojú abọ́. Lẹ́tà tí kò jinlẹ̀ á kọ́kọ́ di òjìji, lẹ́yìn náà kò ní sí mọ́. Àwọn ìlà tín-ín-rín tí bèbè irinṣẹ́ fi sílẹ̀ lára páàtì láti ilé-iṣẹ́, òun ni ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ fi ń mọ̀ pé kò tíì sí ẹni tó lọ páàtì yìí. Máṣíìnì á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ bíréèkì kan wá sọ́dọ̀ mi tó dán títí, àmọ́ tó tín-ín-rín débi pé mo kọ̀ láti so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ Tíṣà, ọ̀nà tèmi nìyí. Yọ táyà àti rọ́bà bíréèkì kúrò ná, torí kẹrosíìnì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ibi tí gíríìsì ti gan mọ́ ọn, fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, kí o nù ún. Lẹ́yìn náà omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Má kánjú níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ṣíṣú, ìdajì rẹ̀ jẹ́ eruku, òróró àti èéfín tó ti gan papọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ páàtì tí iṣẹ́ wọn parí sórí ọṣẹ.

Èyí tí ọṣẹ ò bá ká, gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, kí o fi ojú rẹ̀ pa á. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pẹ́ jù mẹ́wàá. Má fi iyọ̀ sí i! Àwọn kan máa ń fi iyọ̀ kún un pé kó lè ha dáadáa. Iyọ̀ ló ń gbẹ́ ihò sára alumíníọ̀mù. Fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí o fi aṣọ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ bíréèkì tí mítà dákẹ́ sí, ibẹ̀ ni kí o ti dúró. Ọṣẹ, ọsàn, aṣọ, ó parí. Má fi Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń dán irin, kàn án. Tí o bá dán ojú kan níbẹ̀ títí awọ rẹ̀ fi lu, ojú yẹn á máa tàn yàtọ̀ sí ìyókù bí àpá ẹ̀ẹ̀tẹ̀, o ò sì ní lè tún un ṣe àyàfi tí o bá bó gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìjàyè · 12:41 ọ̀sán

Kànrìnkàn onírin ńkọ́, Bàbá? Tàbí ewé eépín? Ìyá àgbà mi ń fi eépín fá igbá, ó máa ń jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 12:58 ọ̀sán

Ẹ̀rín pa mí. Eépín dára fún igbá àti ọmọrí odó. Sáńpépà Ọlọ́run ni. Álọ́ì rọ̀, eépín á ya á ní ìlà ìlà. Ti kànrìnkàn onírin tún burú ju ìyẹn lọ, torí kì í hàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rún irin kéékèèké á há sára álọ́ì. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rún yẹn á dógùn-ún, álọ́ì tó yí i ká á sì máa jẹ. Lóṣù mẹ́ta ẹ ó rí tóótòòtó pupa.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 3:20 ọ̀sán

Ọṣẹ àti ọsàn ti ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò. Ìyẹ̀fun funfun ti lọ, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ kù síbi tó wà tẹ́lẹ̀ lára ríìmù. Ọrùn hándù mọ́, àmọ́ ó ṣì rẹ̀, kò dán. Ṣé mo lè fi Brasso díẹ̀ sí i?

Ìyá Láàbù · 3:34 ọ̀sán

Ihò yẹn, ibi tí álọ́ì ti jẹ tán ni. Kí ó tó lè parẹ́, o ní láti lọ gbogbo àyíká rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ títí á fi bá ìsàlẹ̀ ihò dọ́gba. Fi í sílẹ̀.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ọrùn hándù, o lè fi Brasso sí i, torí kò ní awọ anodize. Autosol ti àwọn ará Jámánì náà dára. Aṣọ sínńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni kí o lò. Kán an tó ẹyọ àgbàdo kan. Ibi tí ìlà irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá dorí kọ ni kí ọwọ́ rẹ dorí kọ. Má nù ún lóbìírípo. Aṣọ á dúdú. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni dúdú yẹn o, álọ́ì fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. Nítorí náà, má ṣe máa nù ún títí aṣọ á fi mọ́, torí kò ní mọ́ láéláé. Ibí yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti máa ń ṣì í.

Ní ti àmì GB, wé aṣọ mọ́ igi ìṣáná kí o fi nù ún yí ká, má gun orí lẹ́tà. Jẹ́ kí dúdú tó wà nínú lẹ́tà wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó ṣe é kà.

Ṣe apá kan, fi apá kejì sílẹ̀, kí o dúró níbi tí èèyàn máa ń dúró sí wo kẹ̀kẹ́. Tí o bá ti rí ìyàtọ̀ láti ibẹ̀, ó tó. Ṣe apá kejì bá a dọ́gba.

Ohun kan ṣì kù: ẹ̀gbẹ́ ríìmù tí rọ́bà bíréèkì ń gbá. Má jẹ́ kí Brasso, wáàsì tàbí òróró kù níbẹ̀. Fi sípírítì nù ún gbẹ. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta wa, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń yọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Dígí-dígí · 4:25 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ti gba oníbàárà lọ́wọ́ mi pátápátá 😂

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · Sọ́ńdè, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ti parí ọrùn hándù. GB ṣì wà, ó tún hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún fi mítà sí apá ọ̀tún hándù, ó ń ké báyìí, ìdọ̀tí ló dí i lóòótọ́.

Àmọ́ mo rí nǹkankan. Nígbà tí mo ń fi ọṣẹ fọ hándù, níbi tó ti jáde látinú ọrùn rẹ̀ lápá òsì, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Ọsàn ò ká a. Mo fi èékánná gbà á, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé kí n fi Brasso pa á rẹ́?

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 5:22 ìrọ̀lẹ́

RÁRÁ. Má fi nǹkankan pa á. Ṣé kẹrosíìnì wà nílé? Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 5:24 ìrọ̀lẹ́

Ilé tíṣà nìyí, sà. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀ dáadáa, jẹ́ kó wà fún bí ìdajì wákàtí. Nù ún gbẹ pátápátá. Lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, kí o bù ú wọ́n orí rẹ̀, kí o wá máa wò ó. Tó bá jẹ́ pé ó họ lásán ni, ṣọ́ọ̀kì á funfun bẹ́ẹ̀. Tó bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọnú rẹ̀ á sun jáde, á sì fa ìlà sínú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ń fi òróró àti ẹfun yẹ irin ọkọ̀ wò bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, nítòsí wọn ni mo dàgbà sí.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ìlà jáde. Ó gùn tó èékánná àtàǹpàkò mi, ó sì yípo lọ sísàlẹ̀ níbi tí mi ò rí tẹ́lẹ̀.

Ìyá Láàbù · 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Bí hándù álọ́ì ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹnu ibi tí wọ́n ti dè é ni agbára ọwọ́ ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í kìlọ̀ kó tó dá.

Dígí-dígí · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Máṣíìnì mi ì bá ti fa álọ́ì bo ojú ìlà yẹn. Yóò dán, ẹnì kankan ò sì ní rí i.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi ni mo fẹ́ kó máa gùn ún.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 6:58 ìrọ̀lẹ́

Má gùn ún, má sì jẹ́ kí ọmọ gùn ún. Hándù yẹn, gbé e kọ́ ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ọrùn rẹ̀ tó ní GB ò ní àléébù, tí ìlà ò bá sí lára òun náà. Wọ́n ṣọ́ọ̀kì sí i bákan náà kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Mo ní hándù onírin kan tó ti pẹ́ níbí, ó ní kúróòmù, kò sán. Fi fàníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn nǹkan, wọn àárín èyí tó sán, níbi tí ọrùn ti dì í mú, kí o tó wá. Tó bá jẹ́ mìlímítà 25.4, á wọlé.

Ọmọ Tíṣà, Ìbarà · Mọ́ńdè, 7:10 àárọ̀

25.4 ni, sà. Ọrùn ò sán, ṣọ́ọ̀kì funfun títí ilẹ̀ fi mọ́. Mò ń bọ̀ ní Láfẹ́ńwá lọ́la lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣé kí n mú fóìlì dání fún hándù yín?

Bàbá Kẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá · 7:26 àárọ̀

Mú un dání. Kí mọ́ínmọ́ín wà nínú ẹ̀.